Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lẹ́bàá Títì

Gintautas ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún wa ọkọ̀ agbégẹdú. Igi páìnì ló ń kó láti inú igbó Latvia, á la Lithuania tó jẹ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ kọjá, títí dé sọ́míìlì kan ní Poland. Ní Latvia, àjèjì ni. Ní Poland, àjèjì náà ni. Bí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ní kó lọ tò sí. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń fi ayọ̀ pàdé ọkọ̀ náà ni ibi ìdúró kan lẹ́bàá títì, létí abúlé Beržynė, níbi tí Danguolė ìyàwó rẹ̀ ti máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá bá a, tòun ti oúnjẹ nínú apẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Skaistė, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ìyá máa ń gbé e wá sẹ́bàá títì kó lè rí bàbá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ọkùnrin náà bá sì wà nílé lọ́jọ́ Àìkú, oorun ló máa ń fi í sùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Aago kan ló fà á. Òfin ló fi í sínú ọkọ̀ kó máa ka àkókò ìwakọ̀ àti ti ìsinmi, àwọn awakọ̀ sì ń pè é ní aago ìjọba. Kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kì í gba rìbá. Bí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ó di dandan kó ti sinmi fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Òfin gbà á láyè láti pín ìsinmi náà sí méjì, bó bá ti lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ṣáájú, tí ọgbọ̀n sì tẹ̀ lé e. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Gintautas ń lò ní Beržynė. Ọgbọ̀n tó kù, ó di ìtòsí ẹnubodè Poland, níbi tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun gbígbóná, tí wọ́n sì ń bú ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Òfin ṣáà ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí à ń sọ yìí, Skaistė ń lọ sí Norway. Ó ti ríṣẹ́ sílé àwọn arúgbó kan níbẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó òṣìṣẹ́ yóò sì wá gbé e níbi ìdúró yẹn kan náà kí aago mẹ́ta tó lù. Àyà bàbá rẹ̀ ń já. Ó lé lọ́dún kan tó jẹ́ pé bó bá pe ọmọ náà lórí fóònù, “hẹn” àti “ó dáa” nìkan ló ń gbọ́. Kò mọ ohun tí òun ṣe, kò sì fẹ́ kí ọmọ náà bínú kọjá òkun. Kírénì tó ń di igi sọ́kọ̀ tún wá dá a dúró nínú igbó láàárọ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé.

Danguolė kọ́kọ́ wò ó tìkà-tẹ̀gbin. “Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Skaistė. A ti ń rò pé ẹ ń dúró kí igi náà kọ́kọ́ dàgbà ni.”

Skaistė jókòó lórí báàgì rẹ̀. Ó kí bàbá rẹ̀, ó sì gba ṣokoléètì tó rà fún un ní Latvia gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Gintautas bọ́ ìbọ̀wọ́ tí oje igi ti mú gan, ó mú fóònù jáde, ó yí aago inú rẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó má baà gbàgbé ara rẹ̀. Ọmọ náà rí i.

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni lónìí, Bàbá?”

“Òfin ni, ọmọ mi. Kékeré ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.”

“Mo mọ òfin náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti kà á.” Kò gbóhùn sókè. “Wákàtí méjì lẹ fi ń wakọ̀ débí, mẹ́rin ló kù. Ẹ lè lo márùndínláàádọ́ta yẹn tán lọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ sì lọ tààrà láìdúró mọ́. Àkókò kan náà lẹ máa dé Poland. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pín in.”

Danguolė ń gé búrẹ́dì dúdú. Kò wo ẹnikẹ́ni. Obìnrin yẹn náà mọ ìṣirò, ó kàn gbé e mì ni.

Gintautas ì bá ti dárúkọ oúnjẹ gbígbóná àti ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti di ẹrù tán kì í ṣe ẹni tí à ń parọ́ fún. Ó jókòó sórí kòkúta tó wà níbẹ̀.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí,” ló wí. “Lọ́dún àkọ́kọ́, mo jókòó tó ogójì ìṣẹ́jú. O sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, o di ìka mi mú lójú oorun. Mo fipá já a gbà ni. Mo sunkún láti ibí dé ìlú Kaunas. Mo wá rí i pé tó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo lè dìde. Tó bá fi lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní lè lọ mọ́. A sì gbọ́dọ̀ jẹun.”

Skaistė gbójú sókè wò ó. “Èmi ti rò pé a sú yín ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà wọra. Ó pa fóònù, ó tì í sápò.

Wọ́n jẹun. Ọbẹ̀ tútù tí wọ́n fi bíìtì, gbòǹgbò pupa kan, sè ni, pẹ̀lú ọ̀dùnkún gbígbóná àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan. Skaistė ka gbogbo ọ̀rọ̀ èdè Norway tó mọ̀, kò ju mọ́kànlá lọ, méjì nínú wọn sì jẹ́ orúkọ ẹja. Ibẹ̀ ni bàbá ti gbọ́ pé ọmọ òun kórìíra ṣokoléètì náà láti kékeré, ìyá àgbà aládùúgbò ló ti ń bá a jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Danguolė ní ìdí tí ìyá náà fi ń gbàdúrà fún awakọ̀ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ irú omi tó jẹ́ mọ́.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì dé. Skaistė dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ wọlé, bàbá kò fi ìka rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà rọra tú u. “Mo máa pè yín lọ́la,” ló wí, bọ́ọ̀sì sì gbéra.

Ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ìsinmi pé. Bó bá ṣí lójú ẹsẹ̀, yóò bá sọ́míìlì kí wọ́n tó ti géètì ní aago méje. Bó bá pẹ́, inú ọkọ̀ ni yóò sùn níbẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Danguolė rán an létí. Dípò kó dìde, ọkùnrin náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí òun bá ti lọ, ṣé wọ́n máa ń kúrò níbí kíá.

“Kúrò kẹ̀? Skaistė ò jẹ́ gbà. Ó dìgbà tí a ò bá gbọ́ ìró ọkọ̀ yín mọ́. Tí kò bá tiẹ̀ dún mọ́, á ní ká dúró díẹ̀ sí i, bóyá ẹ gbàgbé nǹkan.”

Gintautas wo ojú títì. Ìró bọ́ọ̀sì náà ti tán pátápátá. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí kòkúta kí ìyàwó rẹ̀ lè jókòó, ó ní kí àwọn dúró díẹ̀ sí i, bóyá ọmọ náà gbàgbé nǹkan.