Ìpè Kan Láti Ajue

Iṣẹ́ Karimat ni láti máa gbé fóònù ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ kan ní Ore. Lọ́jọ́ míì, èrò á bú u tìyá-tìyá nítorí ọkọ̀ tó pẹ́. Lọ́jọ́ míì, wọ́n á rọ̀jò àdúrà lé e lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ wọn tó ń bọ̀ láti Benin dojú dé, ó sì pa èèyàn. Alhaji Kàsímù, ọ̀gá wọn, kìlọ̀ fún un pé, "Ẹnikẹ́ni tó bá pè, sọ pé ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà."

Obìnrin kan pè láti Ajue, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ore, ó ń béèrè Olúwabùsọ́lá, ọmọ rẹ̀. Karimat sì ti gbọ́ orúkọ náà láàárín àwọn tó kú.

"Ọkọ̀ ló dẹnu kọlẹ̀, màmá."

"Háà, a dúpẹ́! Mo ti gbé ọbẹ̀ kaná dè é. Olúwa ò ní jẹ́ kí ìyá rẹ wá ọ tì, ọmọ mi."

Obìnrin náà pa fóònù. Karimat wo ògiri títí, ó sì pè é padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ọkùnrin kan nínú ilé."



"Kò sọ́kùnrin kankan níbí. Èmi àti Bùsọ́lá nìkan ni. Sọ ọ́ fún mi."

Karimat rọra sọ ọ́. Igbe tó gbọ́ mú kó gbé fóònù jìnnà sétí.

"Iṣẹ́ rẹ tán níbí," ni Alhaji, tó ti wọlé tó sì gbọ́ ohun tó sọ, wí lẹ́yìn rẹ̀.

Karimat kó báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta, ó ní kí ọlọ́kadà kan gbé òun lọ sí Ajue, kí ìyá náà má baà dá nìkan sunkún.