Kàbà tí Lẹ́pa Rán fún Orobó

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn kò ní fóònù. Ká ní wọ́n ní in ni, wọn ìbá kọ́kọ́ wo Lẹ́pa àti Orobó kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu wọn.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni àwọn obìnrin méjèèjì ti pàdé, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ tuntun fọwọ́ kan téèpù. "Ẹ fi ọwọ́ mọ ara èèyàn ná," ló máa ń wí. Nítorí náà, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ara wọn láràárọ̀. Ọ̀kan gbẹ bí igi ìdáná, ọ̀gá pè é ní Lẹ́pa. Ìkejì sanra dẹ́múdẹ́mú, bó bá jókòó, àga á kí i káàbọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ Orobó. Nígbà tí Orobó bá ọkọ lọ sókè òkun, Lẹ́pa sunkún débi pé ó rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ tí ọmọ Lẹ́pa ṣí ojú òpó fún un lórí fóònù, Orobó ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá a rí. Láti ìgbà náà, bí Orobó bá gbé fọ́tò síbẹ̀, Lẹ́pa á bú u. Bí Lẹ́pa bá gbé tirẹ̀, Orobó á san án padà. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí wá ń tẹ̀ lé wọn nítorí èébú yìí, wọ́n ń rín àrínkú. Ohun kan ṣoṣo ni Lẹ́pa ń fẹ́: kí Orobó wá sílé, kí ó tún jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù. Orobó sì ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀ kí ọdún tó parí.

Lọ́dún yẹn, aṣọ ọrùn Orobó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀.

"Orobó, ta ló rán àpò ìrẹsì yìí fún ẹ?" Lẹ́pa kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kan.

"Èmi náà ni, abara-bí-òwú! Ojú ẹ ló ń ṣe bàìbàì."

"Á jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ti kú. Padà wá kọ́ṣẹ́."

Ẹ̀rín sọ níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé aránṣọ kì í wo èèyàn, aṣọ ló ń wò. Bí aṣọ kò bá ti bá ara mu, aṣọ ni Lẹ́pa ń dá lẹ́bi. Kò wá sí i lọ́kàn pé ara ló ń sá fún aṣọ.

Ọkọ Lẹ́pa ló kọ́kọ́ fura. "Ìyá àwọn ọmọ, pe ọ̀rẹ́ ẹ, kó o rójú ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Ojú wo? Ṣebí ojoojúmọ́ ni mò ń rí i!"

Nígbà tó yá, Orobó fi ohùn ránṣẹ́: "Lẹ́pa tèmi, bá mi rán kàbà kan, èyí tí n ó wọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kó kéré o. Mo ti rù díẹ̀."

Lẹ́pa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ mú. "Ta lò ń tàn? Lọ́jọ́ tí erin bá rù, kí wọ́n wá pè mí wò ó. Ọwọ́ mi mọ ìbàdí ẹ." Ó gé aṣọ náà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rántí Orobó, ó rán an, ó fi ránṣẹ́.

Fọ́tò dé. Orobó jókòó sórí ibùsùn nínú kàbà náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀rẹ́ mi ló rán an. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́." Lẹ́pa ti fẹ́ bú u kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí èjìká aṣọ. Èjìká ti wọ́ dé ìgúnpá. Iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ nìyí. Kò sí aránṣọ mìíràn tí òun yóò di ẹ̀bi rù. Ó pè é, ó ní kó jẹ́ kí àwọn rójú ara àwọn.

Ojú tó yọ lórí fóònù, àfi bí ẹni pé wọ́n fa awọ bo egungun.

"Orobó. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Orobó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu. "Gbogbo èèyàn níbí ló ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan ló ṣì ń bú mi. Mi ò fẹ́ kó tán."

"Dá kàbà yẹn padà, kí n dín in kù."

"Rárá o. Jẹ́ kó fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wọ̀ ọ́, mo máa ń rántí bí mo ṣe pọ̀ tó."

"Wíwá ńkọ́? O ní ò ń bọ̀."

Orobó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lẹ́pa, bú mi díẹ̀ sí i."

Lẹ́pa lanu. Èébú tó máa ń ṣàn bí àgbàrá, ẹyọ kan kò jáde. Ẹkún ló jáde.

Oṣù náà kò tíì parí tí ọmọ Orobó fi pè, ó ní ìyá òun ti dákẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sójú òpó. Mi ò lè kọ ọ́ fúnra mi."

Lẹ́pa kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ikú kò ṣeé fi ìka tẹ̀. Níkẹyìn ó kọ ọ́ pé: "Orobó ti fi mí sílẹ̀ lọ."

Kò pẹ́ tí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí fi dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ẹ̀yin méjì yìí tún ti dé! Lẹ́pa, kí lo tún ṣe fún un? Orobó, jáde wá fún un lésì o, à ń retí ẹ."

Lẹ́pa gbé fóònù náà lé itan, ó ń wò ó. Òun náà ń retí.