Kílọ́ọ̀ṣì Atẹdùùrù

Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ kú nínú ọkọ̀ ìjàpá Ignatius Olúgbádé, kò sẹ́ni tó bínú. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, kílọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n bá nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á, ohun tó bá sì ti gbó, kò sí èèwọ̀ nínú ikú rẹ̀. Láníyì mẹkáníìkì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láti ìdí ọkọ̀, ó yọ àwo kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán, ó fi tuntun sí i, Ignatius sì wa ọkọ̀ rẹ̀ yí gbogbo Ọ̀wọ̀ ká bí ọkọ ìyàwó. Kí oṣù náà tó parí, kílọ́ọ̀ṣì tuntun ti kú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ní ìlú wa, ohun tuntun kì í déédéé kú kí wọ́n má wá ẹni tó pa á.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù kì í ṣe Ignatius, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń pariwo jù. Veronica ìyàwó rẹ̀ ni. Tíṣà ni Veronica, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD, lọ́dún 1992 tí èyí ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Afo. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Afo kì í gbéra àfi tó bá kún, kì í sì í kún àfi tí oòrùn bá ti mú. Ignatius ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìgbà tí òṣìṣẹ́ dé, òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun á máa fi ọkọ̀ gbé e lọ láràárọ̀.

Ìlérí yẹn ló gbẹ́mìí mì lórí òkè kan lọ́nà Afo. Ignatius tẹ iná ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ké tantan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀ kan. Veronica bọ́ sílẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí, ó fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó fi máa dé, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, ti wà níbẹ̀, Monica tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ló sì ń darí àdúrà àárọ̀ pẹ̀lú ohùn ẹni tí ipò náà bá lára mu.

"Mà," Oyèlárán wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Tí mo bá tún wá tí mi ò bá yín, Monica ni màá fi sípò yìí."

Láti ọjọ́ náà ni oorun Veronica ò ti já geere mọ́.

Ignatius ní tirẹ̀ pe àwọn ọkùnrin àdúgbò jọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bàbá Babáyẹmí, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú ọ̀nà, tí kò ní ọkọ̀ rí láyé rẹ̀, ní ayédèrú ni kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rà, pé òun gbọ́ ọ nínú dídún rẹ̀. Olùkọ́ kan láti Pólì ní ooru ni, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ títí tí àwọn tó ń gbọ́ fi rò pé ara ọkọ̀ ti yá. Láníyì, tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ní Taiwan ni wọ́n ti ṣe é. Ó tún sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ó ra àwo mìíràn lọ́wọ́ oníṣòwò mìíràn, ó yí okùn wáyà padà, ó tún ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì tò, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra pé èyí ò ní kú. Ó tún kú. Fadá ìjọ wọn pàápàá wọ́n omi mímọ́ sí i, bóyá omi náà ò dé ìdí ẹ́ńjìnnì ni o, kò ràn án.

Ignatius wá sọ èrò tirẹ̀ jáde fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Mojí, ọ̀nà Afo ni. Ọ̀nà yẹn ló ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì mi. Kọ̀wé sí wọn pé o ò ṣe mọ́."

Ìyá Ignatius, Mama Oyèkẹ́, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mi orí, ó sì fi ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. "Usẹ́ kí ló wà ní Afo tí kò sí l'Ọ̀ghọ̀? Jẹ́ kó jókòó s'ulé, ọmọ mi."

Inú Veronica bàjẹ́ gidi gan-an. Gbogbo ọdún tó fi gbọ́ "ẹ ní sùúrù, yóò kàn yín" lẹ́nu àwọn tó kéré sí i, ọkọ̀ ìjàpá kan ló fẹ́ wá gbé e mì.

Ó yẹ kí n sọ pé Ignatius ni atẹdùùrù ìjọ Àgùdà wọn. Dùùrù ayé àtijọ́ ni, èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń fún un lémìí nísàlẹ̀ bí ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ lókè. Katikíìsì tó kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé máa ń fi pàṣán lu ojúgun rẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró: bí ẹsẹ̀ bá sinmi, dùùrù á kú. Ignatius gba ẹ̀kọ́ náà débi pé kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Veronica jókòó láàárín àwọn akọrin, ẹ̀gbẹ́ dùùrù gan-an. Fadá ń wàásù. Kò sẹ́ni tó ń tẹ dùùrù, Ignatius ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń tòògbé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fún afẹ́fẹ́ lásán lémìí. Veronica wò ó títí, òwe kan sì sọ sí i lọ́kàn: Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Láníyì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kílọ́ọ̀ṣì mìíràn sí ọkọ̀ nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti ń lọ sí Afo, Veronica ṣe bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já, ó tẹ orí ba, ó sì wo ẹsẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀. Orí kílọ́ọ̀ṣì ló wà. Kò kúrò níbẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò kúrò níbẹ̀ lórí òkè. Bí Ignatius ti ń kun orin lẹ́nu ni ẹsẹ̀ náà ń bá a lọ, títẹ̀ díẹ̀, gbígbé díẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láàbọ̀ láàbọ̀ báyẹn láti Ọ̀wọ̀ dé Afo, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò ní ṣàìjóná.

"Bàbá Mojí, ẹ dákun, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Tòsì. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ dùùrù. Òun ló ń jóná yẹn."

Ignatius dúró lójú ọ̀nà, ó pa iná ọkọ̀. "Veronica, ẹsẹ̀ tí mo fi ń yin Ọlọ́run láti kékeré ni o ń bá wíjọ́? Ìwọ tí o ò wa kẹ̀kẹ́ rí?" Ó ṣáná sí ọkọ̀ padà, ẹsẹ̀ náà ò sì sinmi títí tí wọ́n fi dé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Veronica lọ bá Láníyì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Láníyì wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Màmá, mo ti mọ̀ láti ìgbà kejì. Àmọ́ ẹnu tèmi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀gá ò dáa. Oníbàárà ni wọ́n."

"Ìwọ lo wá ń bú Taiwan?"

"Taiwan jìnnà, mà. Wọn ò lè bá mi jà."

Inú bí Veronica débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sílé lásán. Ó ní kí Láníyì fi ọkọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà, òun ò sì ní sọ ohun tó mọ̀ fẹ́nikẹ́ni. Láníyì gbà kíá. Lórí pápá kan lọ́nà Ìdásẹ̀n ló ti kọ́ ọ láwọn ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Tí jíà bá ti wọlé, mà, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Ọkọ̀ wíwà ti wá, ó ku ọlọ́kọ̀. Veronica mọ̀ pé òtítọ́ ò lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun, nítorí náà ó pọ́n ọn lé. Lẹ́yìn Máàsì, lójú gbogbo ìjọ, ó kúnlẹ̀ níwájú Fadá.

"Fadá, ẹ bá mi bẹ Bàbá Mojí. Ẹsẹ̀ wọn ti Ọlọ́run ni. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi gbé mi kiri yìí ti ń mú ẹsẹ̀ náà rọ, mo sì ń bẹ̀rù Kérésì tó ń bọ̀."

Ẹ̀rù ba Fadá. Atẹdùùrù mìíràn tó wà níjọ, orin kan ṣoṣo ló mọ̀, orin òkú sì ni. Lójú ẹsẹ̀ ló pàṣẹ pé Ignatius ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Ignatius wú, ó mí kanlẹ̀, ó gbà bí ẹni gba àgbélébùú. Wọ́n béèrè ẹni tí yóò wa ọkọ̀ náà wàyí, Veronica sì ní òun á gbìyànjú, nítorí Ọlọ́run. Babáyẹmí ní ẹsẹ̀ obìnrin máa pa kílọ́ọ̀ṣì kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Òjò rọ̀, òjò dá, kílọ́ọ̀ṣì ò kú. Veronica ń gun òkè Afo láràárọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sinmi sórí ilẹ̀ ọkọ̀. Babáyẹmí ní ṣebí òun ti sọ pé ayédèrú ni ti tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ Pólì ní ooru ti lọ sílẹ̀. Ignatius fúnra rẹ̀ ń ròyìn kiri pé láti ọjọ́ tí òun ti yọ̀ǹda ọkọ̀ nítorí iṣẹ́ Olúwa ni ìbùkún ti bà lé kílọ́ọ̀ṣì. Veronica ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán tún dé láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá Veronica níwájú àwọn ọmọ, Monica lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ ìjàpá lábẹ́ igi, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Mà, ipò yín ti dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ yín ni mo fẹ́ kí. A ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ọkùnrin tó lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó kí ìyàwó lè ríṣẹ́ ṣe, wọn ò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ dé ètè Veronica, ó gbóná bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná. Ó wo Monica, tí etí rẹ̀ ti là sílẹ̀ tó ń dúró de ohun tó máa sọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Wọ́n á gbọ́, sà," ó wí, ó sì kó àwọn ọmọ wọ kíláàsì.