Ìgò Kékeré Tí Bàbá Orin Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá wa sí, tó fún wa ní olùkọ́ kí àwa náà tó di ẹni tó ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti ní olùkọ́ kan rí tí ohùn rẹ̀ kò tíì kúrò létí yín, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Tiyín ni ìtàn yìí.

"Ó ti gbóná, Mà. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lóyún gbé páálí funfun lé orí tábìlì, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan tábìlì kí páálí tó kàn án. Ọ̀gá rẹ̀ ti ọwọ́ bọ inú páálí. Àǹtí Yìnyín ni gbogbo èèyàn ń pe ọ̀gá yìí, nítorí kì í rìn nínú yàrá ìwádìí láìgbé ike yìnyín dání. Ṣùgbọ́n yìnyín inú páálí ti di omi, énsáìmù inú rẹ̀, èròjà tí wọ́n rà fún ìdánwò, sì ti kú sójú ọ̀nà.

"Kí ni àwọn tó gbé e wá wí?"

"Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn bàjẹ́ nínú oòrùn. Wọ́n ní ẹ má bínú."

"Ẹ-má-bínú ò jí òkú," ni Àǹtí Yìnyín wí. Ó fìdí lé àga.

Inú fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò àrùn tó ń fa ọ̀fìnkìn líle, ni énsáìmù náà ti wá. Bí fáírọ́ọ̀sì bá bímọ sára èèyàn, àwọn ọmọ rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ oje dídùn kan tó wà lára ibi tí wọ́n ti jáde, bí eṣinṣin tó kó sínú oyin. Énsáìmù yìí ló ń gé oje náà kí wọ́n lè fọ́n ká. Abẹ ni olùkọ́ Àǹtí Yìnyín máa ń pè é. Abẹ nìkan ni wọ́n ń lò nínú yàrá, kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nídìí rẹ̀. Oògùn tí yóò mú kí abẹ náà kújú, kó má lè gé nǹkan mọ́, ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò sì bímọ. Bí iṣẹ́ kò bá parí ṣáájú ọmọ, àyè rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá tún ra òmíràn, ọmọ á ti máa rákòrò kó tó dé.

"Mà," ni akẹ́kọ̀ọ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ìgò kékeré yẹn ńkọ́?"

Àǹtí Yìnyín wo ìhà fírísà. Gbogbo ará yàrá ìwádìí ló mọ ìgò náà tó wà ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Òun ló kẹ́yìn nínú Abẹ tí olùkọ́ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kó tó sùn nínú Olúwa.

Bàbá Orin ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà. Kì í wo aago. Bí Abẹ bá ń yọ́ lórí yìnyín, orin ìyìn ló máa fi ń ka àkókò rẹ̀. "Orin kan gbáko," ni yóò wí, "pẹ̀lú Àmín." Nígbà tí Àǹtí Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ìgò kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kó lè tètè yọ́. Bàbá kígbe: "Ọmọ mi, gbé e sílẹ̀! Ìfẹ́ ni ọwọ́ gbígbóná, ṣùgbọ́n Abẹ ò mọ ìfẹ́!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ ni wọ́n ti ń ra Abẹ. Ọwọ́ Àǹtí Yìnyín kò lè lọ síbi àwọn ohun èlò tí Bàbá fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí àárò rẹ̀ bá sọ ọ́, ó máa ń mú ìgò náà jáde, á fi àtàǹpàkò nu ìrì dídì ara rẹ̀ títí ìkọ̀wé Bàbá yóò fi hàn. Á wò ó pẹ́ kó tó dá a padà.

Ó dìde. "Gbé yìnyín wá."

Wọ́n jẹ́ kó yọ́. Wọ́n kán an sínú àwọn ihò kéékèèké ara àwo ìdánwò, wọ́n fi oògùn sí àwọn kan, wọ́n gbé àwo náà sínú ẹ̀rọ tó ń wo ìmọ́lẹ̀. Àwọn ihò tí kò ní oògùn ló yẹ kó tan ìmọ́lẹ̀ aró. Ìyẹn ni yóò fi hàn pé Abẹ ń gé. Wọ́n dúró. Gbogbo ihò ṣókùnkùn.

"Bóyá ẹ̀rọ ni, Mà."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ." Àǹtí Yìnyín ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. "Èmi ni. Yíyọ́ àti dídì lemọ́lemọ́ ló pa á. Èmi ni mo ń mú un jáde."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ ìyàwó Bàbá Orin láago.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo ti pa Abẹ Bàbá."

"O pa kí ni?"

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi tó máa ń da tiẹ̀ nù láràárọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé torí ìgò ló ṣe kọ́ ẹ? Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Padà lọ ṣe iṣẹ́ ẹ, jàre."

Nígbà tó wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ ń nu ojú.

"Ìyá Ìkókó, ẹkún tó. Sẹ́ẹ̀lì, irúgbìn tí Bàbá fi ń ṣe Abẹ, ṣì wà nínú àgbá òtútù. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, Abẹ tuntun á délẹ̀ kí ọmọ ẹ tó dé."

"Ta ló máa ṣe é, Mà?"

"Àwa ni. Màá kọ́ ẹ."

Ó mú ìgò òfìfo náà, ó ka ohun tí Bàbá kọ sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

"Ẹ ò tọ́jú ẹ̀ ni?"

"Ó ti ṣe tiẹ̀. Ṣé o lè kọrin?"

"Háà, Mà! Wọ́n lé mi nínú ẹgbẹ́ akọrin."

"Ohùn ewúrẹ́ sàn ju ti Bàbá lọ. Bẹ̀rẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀, orin náà wọ́ díẹ̀. Lójijì ó di ikùn mú. "Ó tàpá, Mà!"

"Ó mọ orin ju ìyá ẹ̀ lọ." Àǹtí Yìnyín wọ ìbọ̀wọ́, ó mú ìgò sẹ́ẹ̀lì tó dì gbagidi jáde nínú àgbá. Akẹ́kọ̀ọ́ na ike yìnyín sí i, ṣùgbọ́n Àǹtí Yìnyín mi orí. Ó fi ìgò sẹ́ẹ̀lì náà sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ó pa àwọn ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Dì í mú dáadáa," ni ó wí. "Ohun tó wà láàyè lèyí. Òun ló ń fẹ́ ọwọ́ gbígbóná."

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ìhín, ohun rere tí a fi lé yín lọ́wọ́ kò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ó rí ẹni gbà á lọ́wọ́ yín, orin tí ẹ bá sì dá kò ní ṣàìrí ẹlẹ́gbè. Àmín.