Táyà Iwájú fún Katakata Ìyá Télọ̀

Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ fi máa fi Ìyá Télọ̀ sílẹ̀, ó ti gba apá ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé apá náà kò sí lára rẹ̀ mọ́ o. Ó wà níbẹ̀, ó ń bá a jókòó, ó ń bá a sùn, ṣùgbọ́n tó bá rán an níṣẹ́, kì í lọ. Obìnrin tó fi ogójì ọdún ránṣọ fún gbogbo àdúgbò, tó jẹ́ pé tó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan kúrò nílẹ̀ fún un. Kò fi ìkà ṣe é. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó ṣòro láti bá a jà. Ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn náà ló gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nígbà tó tún yá, ó ní kí Màmá má ṣe tan sítóòfù tí òun kò bá sí nílé. Ohun kan ṣoṣo tí kò rántí láti gbà ni katakata kékeré tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ilé.

Katakata náà dàgbà ju nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lọ. Pupa ni wọ́n kùn ún tẹ́lẹ̀, àmọ́ oòrùn ti fọ̀ ọ́ títí ó fi dà bíi bíríkì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà, abẹ tó fi ń gé koríko sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ilé ìwé kan tó fẹ́ kógbá sílé ni Ìyá Télọ̀ ti rà á nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gùn ún gé koríko orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Látìgbà tí àìsàn ti dé, ọkùnrin kan ni nọ́ọ̀sì ń pè wá gé e. Onítọ̀hún á fi ìkánjú dé, á fi ìkánjú gé e, á gé òdòdó mọ́ ọn, á sì fi ìkánjú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin yìí gé igi ọsàn kékeré tí Ìyá Télọ̀ gbìn, tó sì ní koríko ni òun pè é, ìyá náà kò bá a jiyàn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, ó ṣílẹ̀kùn. Ó wá pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó gbé bátìrì kan wá fún òun.

Kó tó di ọ̀sán, ẹ́ńjìnì ti dáhùn. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tu èéfín dúdú, ohùn rẹ̀ sì wá já gaara.

"Ẹ́ńjìnì kò ní wàhálà," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Àmọ́ ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú, ẹ̀gbọ́n mi."

Táyà ẹ̀yìn ṣì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n méjèèjì tó wà níwájú ti sán wẹ́wẹ́, wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀. Ìyá Télọ̀ fi ìka tẹ ọ̀kan, rọ́bà já bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ariwo ẹ́ńjìnì ló mú nọ́ọ̀sì jáde. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo katakata.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Mo fẹ́ fi gé koríko."

"Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi wà á?"

"Èyí tó kù."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú pe àwọn tó ń ra irin, Màmá. Ẹ̀yin náà á lè sinmi."

"Mo ti sinmi," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Ìsinmi ti sú mi."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí àbúrò òun tú táyà kan wá. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àbúrò rẹ̀ súnmọ́ ọn títí, ó ṣẹ́jú, kò rí nǹkan kan kà. Ìyá Télọ̀ wá mú ṣọ́ọ̀kì tó fi máa ń sàmì sára aṣọ jáde látinú àpò rẹ̀, ó fi pa ara rọ́bà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nọ́ńbà sì yọ funfun báláú: 4.80/4.00-8. Ó na téèpù, ó wọn bó ṣe ga tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, ó ní kí àbúrò òun kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìpẹ̀kun òpópónà ni ṣọ́ọ̀bù alátáyà wà. Táyà wà lórí táyà níbẹ̀ títí kan àjà, òórùn rọ́bà sì ń pàdé èèyàn láti ìta. Má-Fọ̀rọ̀-Gùn ni wọ́n ń pe alátáyà náà, ẹni tó sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn, àwàdà ló ń bá a ṣe, torí ọkùnrin náà lè sọ̀rọ̀ láti ìdájí títí tí wọ́n á fi tilẹ̀kùn.

"Ìyá wa," ló wí nígbà tó ka ìwé tí wọ́n mú wá, "nọ́ńbà yìí ti kúrò lóde. Kò sẹ́ni tó ń ra tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ wo èyí, òun layé ń lò báyìí. Ó ga tó ti yín, àmọ́ ó sanra dáadáa, ó rọra ń tẹ koríko ni, kì í dá egbò sí i lára, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sábẹ́ katakata, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á dúró wò ó."

Táyà tó gbé wá dán, ó dúdú minimini, ó sì fẹ̀ tó ọ̀kan àtààbọ̀ ti àtijọ́. Àbúrò Ìyá Télọ̀ ti ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni tó rí ọmọ tuntun.

Ìyá Télọ̀ wọn gíga rẹ̀. Ó mọ̀ pé tí iwájú bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, abẹ abẹ́ rẹ̀ á gbójú sókè, koríko á sì yọ gbágungbàgun. Gíga bá ti àtijọ́ mu. Ó wọn ìbú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì ló ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní etí ọ̀tún, ọ̀kan ní etí òsì. Ó ní kí wọ́n dì í fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun katakata jáde. Bó ṣe ń lọ tààrà, kò sí ìṣòro. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Àfìgbà tó dé ibi tó ti yẹ kó yà sósì. Ó fi ọwọ́ òsì fa sitíárìn, kò mì. Ó gbé gbogbo ara lé e, ó yí díẹ̀, ó tún dá padà. Kó tó rántí bíréèkì, katakata ti gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí kọjá, ó sì fi imú gún ọgbà onípákó. Pákó méjì dá. Ẹ́ńjìnì kú. Ìyá Télọ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ láìfarapa, aṣọ iṣẹ́ funfun ti nọ́ọ̀sì bò ó lórí.

Àbúrò rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú nọ́ọ̀sì tó ń sáré bọ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ kúrò lójú ìyá rẹ̀. Ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó yẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tó rí i pé kò síbi tó dun ún, ó wá sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

"Ó tó báyìí, Màmá. Èmi ni mo fi ṣíbí fún yín lóúnjẹ fún oṣù mẹ́ta. Èmi ni mo kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń rìn. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Télọ̀ lára ju pákó ọgbà lọ. Ó wọlé, ó jókòó sétí fèrèsé, kò jẹun ọ̀sán.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, ó dìde. Ó lọ bá katakata níbi tí wọ́n tì í sí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì yí sitíárìn, ó sì ń wo ilẹ̀. Ó rí bí táyà ṣe ń wọ́ eruku káàkiri, tó ń dì mọ́ ilẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ó pe àbúrò rẹ̀ kó fi jáákì gbé iwájú sókè. Nígbà tí táyà kúrò nílẹ̀, ó tún yí sitíárìn. Ó fi ìka méjì péré yí i láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ké díẹ̀ níbi tí gíríìsì ti gbẹ.

"Ṣé o rí i?" ló bi àbúrò rẹ̀. "Ọwọ́ mi kò kéré. Rọ́bà tó wà nílẹ̀ ló pọ̀ jù. Aṣọ tí kì í ṣe ìwọ̀n mi ni ìwọ àti alátáyà gbé wọ̀ mí, èmi náà sì na apá sí i."

Ó lọ bá nọ́ọ̀sì ní ìdáná.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ, kò sì sí irọ́ níbẹ̀," ló wí. "Èyí ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí n wá táyà tó bá ọwọ́ kan mu. Ìwọ ni kó o dán mi wò. Tí o bá sọ pé mi ò lè yí i, èmi fúnra mi ni màá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra irin."

Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Tí mo bá sọ pé rárá, rárá ni?"

"Rárá ni."

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, Má-Fọ̀rọ̀-Gùn ti la ẹnu, ṣùgbọ́n Ìyá Télọ̀ nawọ́ sí àga.

"Jókòó, ọmọ mi. O sọ̀rọ̀ níjọ́sí, ó kàn mí lónìí. Mo fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé gan-an ni mo fẹ́."

Ọkùnrin náà kùn díẹ̀ nípa àwọn sísanra tí eruku ti bà, àmọ́ ó gbà wọ́n padà, ó sì lọ tú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé méjì tẹ́ẹ́rẹ́ wá, ara wọn dán bọ̀rọ́. Ìyá Télọ̀ bi í pé kí ni yóò di ilẹ̀ mú tí òun bá ń yà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò rí nǹkan sọ, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Ó tún gbé méjì mìíràn wá, àmọ́ wọn kì í ṣe ìbejì: ọ̀kan ní ilà, èkejì ní kókó kókó.

"Ṣé o ti rí mi rí kí n rán aṣọ tí apá rẹ̀ méjèèjì kò jọra?" ló bi í.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé méjì tó jọra wá, ilà mẹ́ta tó ga yọ yí wọn ká. Ojú Ìyá Télọ̀ là. Ṣùgbọ́n ó fi orúnkún tẹ ọ̀kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku ṣọ́ọ̀kì sì wọ inú àwọn ibi tó ti sán tín-ín-rín. Kò tíì kan ilẹ̀ rí, ó sì ti gbó lórí ìdúró.

"Ẹ mú un bẹ́ẹ̀, Ìyá wa," ni alátáyà wí. "Ibi tẹ́ ẹ ń lò ó kò jìnnà."

"Ọmọ mi ni yóò sáré wá gbé mi tí ó bá bẹ́," ni Ìyá Télọ̀ dáhùn. "Kò jìnnà lójú tìẹ. Pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Màá dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dúró, kò sì fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó fi ọwọ́ òsì ra gíríìsì sí gbogbo oríkèé iwájú katakata títí igbe tó ń ké fi dákẹ́. Ó jókòó sórí rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó ń kọ́ ọwọ́ bó ṣe máa kúrò lára sitíárìn lọ síbi jíà, kó sì tètè padà. Ní ọjọ́ kẹrin, Má-Fọ̀rọ̀-Gùn fúnra rẹ̀ gbé táyà wá: méjì tuntun, tẹ́ẹ́rẹ́, onílà mẹ́ta, pẹ̀lú túùbù wọn. Ìyá Télọ̀ tẹ̀ wọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì pa wọ́n, ó wọ̀n wọ́n, ó wá mi orí pé ó dára.

"Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ le dáadáa," ni alátáyà wí bó ṣe ń fẹ́ wọn. "Ẹ má sì gbé e wọ ilẹ̀ tútù o. Tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń rì."

"Màá dúró de oòrùn."

Oòrùn jáde fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì dúró ní àárín àgbàlá onísìmẹ́ńtì, ó ká apá mọ́yà bí ọ̀gá tó ń yẹ dírẹ́bà wò.

"Ẹ yà sọ́tùn-ún," ló wí. Ìyá rẹ̀ yà sọ́tùn-ún. "Ẹ yà sósì. Ẹ dúró. Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Sitíárìn kò rọ̀ bí òwú, ó ń fẹ́ agbára, ṣùgbọ́n agbára tó ń fẹ́ kò ju èyí tí ọwọ́ òsì ní lọ. Ìgbà kẹwàá, òógùn ti wẹ̀ ẹ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Mò ń wò yín."

Ìyá Télọ̀ sọ abẹ kalẹ̀, ó sì wọ orí koríko. Ó gé ìlà kan títí dé òkè. Ibẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti yà, ilẹ̀ sì ti ń fà á wálẹ̀. Iwájú katakata yọ̀ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ já. Ó di sitíárìn mú, kò jẹ́ kó dá padà. Ó wá mọ̀ ọ́n lára bí ilà mẹ́ta náà ṣe wọ inú koríko tí wọ́n sì di ilẹ̀ mú. Imú katakata yí wẹ́rẹ́, ó kọjú sísàlẹ̀. Ó gé ìlà kejì, ó gé ìkẹta.

Nígbà tó dé igun tí ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ́ jù, lẹ́bàá kòtò, nọ́ọ̀sì ti gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ pariwo. Àmọ́ Ìyá Télọ̀ ti dúró ṣáájú. Ó wo igun náà, ó ṣe kedere sí i pé ìyẹn ju ọwọ́ kan lọ, ó sì yí padà. "Tìẹ nìyẹn," ló ké sí àbúrò rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí. Nọ́ọ̀sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sán pọ́n kó tó parí. Ẹ̀yìn ń dùn ún, èérún koríko sì kún irun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé omi wá, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Ó bojú wo gbogbo ilẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ fo ibì kan lẹ́bàá ọgbà," ló wí.

"Mo rí i," ni Ìyá Télọ̀ dáhùn. Ó dá ife padà fún un, ó sì tún tan ẹ́ńjìnì.