Ìkọ́ Tó Ń Jó Lẹ́yìn Tokuzo

Ohùn Tokuzo ni gbogbo ibi iṣẹ́ ìkọ́lé wọn fi ń jí. Láràárọ̀, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti na apá na ẹsẹ̀ tán, ọ̀gá wọn yìí á na ìka sí táyà ẹ̀rọ agbéniròkè, ọkọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sókè, láti yẹ̀ ẹ́ wò, á ké "Ó dáa!" Á tún na ìka sí ìkọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń so ara mọ́ ẹ̀rọ kí wọ́n má bàa já bọ́, "Ó dáa!" Ó ti ṣe é títí, ìka àti ẹnu rẹ̀ ti mọ̀nà láìmú ojú dání. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Lọ́jọ́ yìí, aago ńlá ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ síwájú ilé ẹ̀kọ́ tí Sadae, ìyàwó rẹ̀, ti ń dáná fáwọn ọmọ. Iṣẹ́ àṣekẹ́yìn Tokuzo nìyẹn kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń fọ́nnu nílé pé ọwọ́ òun ni yóò gbé e kọ́. Ó wọ apẹ̀rẹ̀ irin ẹ̀rọ náà, ó na ìka, ó ké "Ó dáa!", ẹyẹlé fò lórí òrùlé. Ẹ̀rọ ń gòkè.

Ni fèrèsé ilé ìdáná bá ṣí gbàgà, Sadae yọrí síta.

"Bàbá Kiyomi! Ìrù wo ló ń jó lẹ́yìn yín yẹn?"

Tokuzo bojú wẹ̀yìn. Ìkọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ń fì dirodiro, kò kọ́ mọ́ nǹkan kan. Ó gbá a mú.

"Ìyá Kiyomi, rọra pariwo! Mo ti fẹ́ kọ́ ọ tẹ́lẹ̀!"

"Àbí ẹ fẹ́ forí sọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ?"

Ẹ̀rín sọ nísàlẹ̀. Shiori, igbá-kejì rẹ̀, gbójú sókè. "Ọ̀gá, ẹni tó bá gòkè láìkọ́ ìkọ́, ilẹ̀ ni yóò wà dalẹ́. Ta ló ṣòfin yẹn ná?"

Tokuzo fúnra rẹ̀ ni. Bó bá kọ́ ìkọ́ tó ń bá iṣẹ́ lọ, ta ni yóò dá ọ̀gá dúró? Ọkàn rẹ̀ ń fà sókè gidi. Ṣùgbọ́n ó sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, ó bọ́ síta, inú rẹ̀ bàjẹ́. Shiori wọ inú apẹ̀rẹ̀ náà, ó kọ́ ìkọ́ tirẹ̀, ó fà á, ó wò ó dáadáa kó tó ké "Ó dáa!", ó sì gòkè lọ gbé aago kọ́.

Sadae gbé abọ́ méjì ọbẹ̀ miso, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà àwọn ará Japan, jáde. Òun àti Tokuzo dúró lẹ́yìn okùn ààlà, wọ́n ń wòkè.

"Mo dójú tì ẹ́," Tokuzo wí.

"Ẹ mu ọbẹ̀ yín jàre. Ta ni ò lè gbé aago kọ́? Bẹ́ ẹ bá já bọ́ ńkọ́, ta ni mo fẹ́ máa bá jà nílé?"

Inú Tokuzo dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó yáa kígbe sókè pé aago ti wọ́ sápá òsì.

"Kò wọ́ o," ni Sadae wí.

"Ó wọ́!"

"Bàbá Kiyomi, mo ní kò wọ́!"