Àmù Ìyá àti Fíríìjì Nímọ́tà

Ẹnu ìyàwó wa Nímọ́tà ló kó bá a. Nínú ààwẹ̀ ọdún 1990, tí ooru Èjìgbò fẹ́ bó wa láwọ̀, àbúrò mi Múrítàlá gbé fíríìjì kan dé láti Àbíjàn. Kì í ṣe fíríìjì lásán o! Ẹnu kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ tí omi tútù ń gbà jáde sínú ife. Bí Nímọ́tà ṣe rí i báyìí, ó bẹ́ sáàárín agbo ilé.

"Gbogbo ilé, lọ́la, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó ti mu omi ìṣínu!"

Ìyá wa gbọ́. Láti ìgbà tí èmi Fàsílátù ti gbọ́njú, inú àmù Ìyá la ti ń bu omi ìṣínu nílé wa. Wọn ò bínú síta. Wọ́n kàn bi í léèrè pé, "Ìyàwó Múrítàlá, bí ẹ̀rọ yẹn bá dójú tì ọ́ ńkọ́?"

"Kò ní dójú tì mí, Ìyá."

Ìyá bá wọlé lọ. Ojú Nímọ́tà yí padà. Kò tíì pé ọdún kan nílé wa, gbogbo ohun tó sì ń wá ò ju kí Ìyá gba tirẹ̀ lọ. Ó fà mí sẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí omi yẹn ò bá wá, níbo ni mo fẹ́ fojú sí? Ìyá á ní mo gba ipò àmù àwọn, mi ò sì rí omi fún ilé mu."

Lọ́jọ́ kejì, Ògúnbùnmi tó ń ṣiṣẹ́ páìpù dé láti Ara. Omi ẹ̀rọ tó yẹ kó máa wọ inú fíríìjì náà ò dé àdúgbò wa, nítorí náà ó to búlọ́ọ̀kù ga lẹ́yìn ilé, ó gbé dúróòmù lé e, a sì pọn omi kànga kún un. Ó so róbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí dúróòmù, ó gba ojú fèrèsé mú un wọlé, ó kì í bọ ẹ̀yìn fíríìjì. Múrítàlá dúró tì í, ó ń pariwo "Dúsumáà! Dúsumáà!", bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń sọ pé kí èèyàn rọra.

"Ọ̀gá," ni Ògúnbùnmi wí, "róbà yìí ò gbọ́ Faransé."

Lóòótọ́ ni kò gbọ́. Ó já bọ́, omi sì tú lu Múrítàlá lójú. Nínú ààwẹ̀! Ó pa ẹnu mọ́ pinpin, ó ń jó káàkiri yàrá kí ẹ̀kán kan má baà wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí débi pé ògiri ni mo dì mú. Ògúnbùnmi fi wáyà de róbà náà, ó le dan-in.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ti kó ife dé. Bí wọ́n ṣe pe ìrun, Nímọ́tà gbé ife sábẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ẹ́. Omi wá.

Omi náà dúdú bí omi aró!

Ariwo sọ nínú ilé. Nímọ́tà gbé ife náà sókè wò. "Mo gbé!" ló ní. Ògúnbùnmi ká ọwọ́ lérí, ó ń búra pé róbà tuntun ni. Múrítàlá gbàgbé Faransé.

Ìyá wa ya àárín èrò kọjá. "Kí lẹ ń pariwo sí? Tàdáà ni. Hántú ni mo dà sí dúróòmù lọ́sàn-án, omi tí Àlùfáà Sùlàímọ́nù fi fọ àdúrà kúrò lójú wàláà. Tàdáà ọ̀hún ló silẹ̀ sí ìdí dúróòmù."

"Ìyá, báwo ló ṣe pọ̀ tó?" ni mo bi wọ́n.

"Kèrègbè mẹ́ta. Ṣé ẹ ò rí bí ẹ̀rọ náà ṣe tóbi ni? Àdúrà kékeré ò lè ká a."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Nímọ́tà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Àdúrà kí ni, Ìyá?"

"Pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú ti ọmọ mi."

Nímọ́tà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún wọn. Ìyá ṣe Bìsìmílà, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì figbe ta.

"Yéè! Ó mà tutù o! Eyín mi!" Wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n na ife padà. "Ọmọ mi, bù ú sí i."

Ẹ wá wo Nímọ́tà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, omi dúdú ń kún ife dà sí i lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀.